Ọjọ́ Tí A Pe Bàbá Ṣàngóbùnmi Ní "Ṣí"

Ọmọ ayálégbé mi kan wà tí kì í jẹ́ kí n rí oorun ọ̀sán sùn. Kíláàsì kẹrin ló wà, ohùn rẹ̀ sì le bí agogo ilé ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sókè: "Actor, actress. Host, hostess. He, she. Him, her." Ó ń kà á bí ẹni ń gúnyán, tó ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá lójú títì, jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ Pólì tó gba yàrá iwájú ń pariwo, síbẹ̀ ohùn ọmọ yìí nìkan ni mò ń gbọ́. Ọwọ́ mi dúró nínú àwo. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ìlú Ẹdẹ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu ọmọdé kí n má rántí Ṣàngóbùnmi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu iyì kún mi.

Ayé ìjọba ológun ni, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Àwọn tó gbàjọba sọ pé ìlú ò létò, àwọn á sì kọ́ wa létò. Kòbókò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí èèyàn bá fẹ́ ra mílíìkì tàbí ṣúgà, orí ìlà ni yóò tò sí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì yà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ. Ọṣẹ tí ìyá mi ń rà ní ọ̀pá gbọọrọ tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń fi okùn gé wẹ́wẹ́ kó lè tó wa lò. Ní ilé ìwé, tíṣà á ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan sí mẹ́ta, á fi méjì pamọ́ sínú àpò. Àwọn àga ti kán tán, ìjọba ò sì rọ́wọ́ ra òmíràn, kálukú ló ń gbé ohun tó máa jókòó lé wá láti ilé. Èmi ò ní. Aránṣọ ni ìyá mi, ìwọ̀nba àga tó wà nílé wa, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń jókòó lé e. Ṣàngóbùnmi ló gbà mí sórí àpótí rẹ̀.

Alájùẹ́ ló ti ń wá. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ìgboro láràárọ̀, eruku ọ̀nà á sì wọ ibọ̀sẹ̀ pupa fún un títí dé orúnkún. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí náà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kàn án gùn, ó ní ọmọ òun kò ní ṣàì ní ọ̀rẹ́. Èmi ni ọ̀rẹ́ náà. Ẹ̀pà sísè tó bá wé sínú ewé wá, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, tí àgbàrá bo ojú ọ̀nà ilé ìwé, ó máa ń pọ̀n mí sọdá nítorí bàtà mi, torí pé òun ò ní bàtà tí omi lè bà jẹ́. Ó gùn jù mí lọ, ó lágbára jù mí lọ, orí rẹ̀ sì pé jù mí lọ. Láti kíláàsì kẹta ló ti ń ṣe ipò kìíní. Ipò kẹrin ni tèmi, bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ mọ́ mi lórúkọ.

Ọkùnrin tó kọ́ wa ní kíláàsì kẹfà, Tíṣà Gírámà ni gbogbo ìlú ń pè é. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀wù funfun kan ló ní tó máa ń lọ̀ títí tí yóò fi gún régé, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé bí Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́nrán. Kì í pe orúkọ Ṣàngóbùnmi pé. "Bùnmi" ló ń pè é, ó ní òun ò ní máa pe òrìṣà nínú kíláàsì òun.

Òun ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ó kọ ọ́ sára pátákó dúdú: "he" ni ti ọkùnrin, "she" ni ti obìnrin. Lẹ́nu tiwa, hí àti ṣí ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Yorùbá, ó ló ń jẹ́ ó: ó lọ, ó jẹun, ó sùn, ì báà ṣe ọmọkùnrin, ì báà ṣe ọmọbìnrin, ì báà ṣe ewúrẹ́. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, a ó pè é ní wọ́n, ó parí. Pé kéèyàn kọ́kọ́ wo abẹ́ aṣọ ẹni kó tó lè sọ pé ẹni náà ti jẹun, àrífín ló jọ lójú wa.

Ṣàngóbùnmi nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, tí a ò tíì rí i, ṣé hí ni àbí ṣí?"

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Tó o bá ti ṣí i, wàá mọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi eegun ìka gbá Ṣàngóbùnmi lórí, ó bi í bóyá òun ló fẹ́ kọ́ òyìnbó ní èdè wọn.

Ọmọ náà ò jáwọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún béèrè pé ọkọ ni ìyá òun ń pe àbúrò bàbá òun obìnrin, ṣé ọkọ yẹn, hí ni àbí ṣí? Ìbéèrè gidi ni. Nílé tiwa gan-an, ilé onígbàgbọ́, tí bàbá mi ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan tó jẹ́ ìbátan bàbá mi: "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀." Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ. Àmọ́ nígbà tí kíláàsì rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ ń wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, wọ́n ní mílíìkì dé sí ṣọ́ọ̀bù kan nígboro. Èmi àti ìyá mi lọ tò. Tíṣà Gírámà wà níwájú wa lórí ìlà. Sójà kan tí kò gbọ́ Yorùbá ní kó padà sẹ́yìn, Tíṣà sì fi Gẹ̀ẹ́sì gígùn ṣàlàyé fún un pé àyè òun gan-an ni òun dúró sí, àti pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmú rẹ̀ ò dà wàrà tó. Sójà náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Na grammar we go chop?" Ó gbá a létí. Ó ní kó lóṣòó, kó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ṣọ́ọ̀bù náà ká. Ó fò ó. Ẹ̀wù funfun náà pọ́n fún erùpẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó mẹ́fà, ẹnikẹ́ni nínú wa ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fò kọjá iwájú wa, ó gbójú sókè, ó rí wa. Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹgba ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń nà wá bí ẹni tó fẹ́ kí a gbàgbé nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá ilé ìwé pè wá jọ, tó kéde nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé ò sí nílùú, nítorí náà, fọ́ọ̀mù ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì tó kan kíláàsì wa kò ju mẹ́ta lọ, àwọn mẹ́ta tó bá gbawájú ló máa gbà á. Ìkejì ni pé ìǹsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ láti Òṣogbo, tíṣà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gba ilé lọ. Òótọ́ sì ni, lásìkò yẹn, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Tíṣà Gírámà gbọ́ ìkejì. Èmi gbọ́ àkọ́kọ́. Mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù, ẹnì kẹrin ni mí.

Tíṣà ní kí a kọ àròkọ lórí bàbá wa. Èmi ni mọ́nítọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ìwé ń kó jọ sí. Ọmọ tuntun kò jẹ́ kí Tíṣà ráyè sinmi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sọ fún mi pé kí n yẹ ìwé náà wò, kí n gbé èyí tó dára jù lé òkè pátápátá, ẹni tó bá ni ín ló máa kà á fún ìǹsípẹ́kítọ̀. Mo ka ti Ṣàngóbùnmi. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ohun tó kọ rèé: "My father is a wife of Ṣàngó. She is a farmer. She plaits her hair very fine. I love her."

Òótọ́ ló kọ. Olórìṣà ni bàbá rẹ̀. Àwọn tí Ṣàngó bá yàn, ìyàwó Ṣàngó là ń pè wọ́n, ọkùnrin wọn àti obìnrin wọn, àwọn ọkùnrin náà a sì máa dirun bí obìnrin. Gbogbo Ẹdẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń yí ọrùn wo wọ́n lójú ọ̀nà. Ọmọ náà ti rò ó dáadáa: wọ́n ní ìyàwó, ṣí ni, bàbá òun, ìyàwó ni. Kò ṣẹ̀ sí òfin tí wọ́n kọ́ ọ. Òfin náà ni kò láyè fún bàbá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ́wọ́, ó sì jókòó tì mí lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà fún mi. Tí mo bá sọ fún un pẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú méjì ló máa fi tún un kọ. Mo gbé ìwé rẹ̀ lé orí gbogbo ìwé. Ẹgba méjì tàbí mẹ́ta ni mo rò pé yóò jẹ, kó bọ́ sí ipò kẹrin, kí èmi bọ́ sí ìkẹta. Ìṣirò ọmọ ọdún mọ́kànlá nìyẹn, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ tí ìǹsípẹ́kítọ̀ dé, Tíṣà wo ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lókè, ó mọ ẹni tó ni ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò kà á. Ó ní kí Ṣàngóbùnmi bọ́ síwájú. Ó kà á ketekete, ó gbé ọrùn sókè bí Tíṣà ti kọ́ wa. Ìǹsípẹ́kítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omi ojú, ó ní kó tún un kà. Ọmọ náà rò pé inú ọ̀gá dùn sí òun ni. Ó tún un kà, ó fi ẹ̀rín músẹ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni ohùn rẹ̀ tó ń rẹlẹ̀. Ìǹsípẹ́kítọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ó wo Tíṣà, ó ní, "Well done, teacher." Àwa ọmọdé pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn.

Ẹgba méjìlá ni Ṣàngóbùnmi jẹ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, Tíṣà gé ara páálí mílíìkì, ó kọ HE-SHE gàdàgbà sí i, ó lu ihò méjì sí i, ó ní ọrùn rẹ̀ ni yóò wà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nílé ìwé àti lójú ọ̀nà. Èmi tí mo jẹ́ mọ́nítọ̀ ló ní kí n so okùn rẹ̀. Ó tẹ orí ba fún mi kí ọwọ́ mi lè tó o.

Ó ní, "Rọra, ó ń họ mí lọ́rùn."

Mo rọra so ó.

Látìgbà yẹn, kò sí ẹni tó pe Ṣàngóbùnmi ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Híṣí ni. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí kò tíì mọ̀wé kà ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń kígbe Híṣí. Àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin, wọ́n ní kó lọ sí ti ọkùnrin; nígbà tó lọ sọ́hùn-ún, wọ́n tún lé e padà. Ó tọ̀ sára lọ́sàn-án gangan, ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní. Mo sún díẹ̀ lórí àpótí kí omi náà má baà kàn mí.

Tíṣà ò sì tíì gbà pé ó tó. Ó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Bàbá náà dé ní òwúrọ̀ Fúráìdè. Ó ti wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí tó ti ṣá, ó dé fìlà abetí-ajá, ó gbé iṣu mẹ́ta lé èjìká wá fún olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé iṣu náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bó ti fẹ́ wọlé, ó ṣí fìlà, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ti ń ṣe tó bá wọ ibi tí iyì wà. Irun orí rẹ̀ sì hàn síta, kòlẹ́sẹ̀ dúdú tí wọ́n dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìpàkọ́. Mo rántí pé ó lẹ́wà.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Mo gbọ́ pé ẹ ń pè mí."

Tíṣà di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i kọjú sí wa. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé, èyí tí ẹ ń wò yìí, hí ni àbí ṣí?

Tíṣà gbé ẹgba sókè, ó tún un béèrè. A dáhùn pọ̀, bí a ti máa ń kí àlejò: "Ṣí." Ó ní kí a tún un wí. A tún un wí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo pariwo jù, torí iwájú ni mo jókòó sí, mo sì fẹ́ kí Tíṣà gbọ́ ohùn mi.

Bàbá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rò pé a ń kí òun ni. Ó fi ẹ̀rín kún ẹnu, ó mi orí sí wa, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó."

Ni kíláàsì bá dàrú fún ẹ̀rín. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Ṣàngóbùnmi ti dìde. Ó ní, "Wọ́n ń kí yín ni, bàbá."

Ó bọ́ páálí ọrùn rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì Tíṣà, ó kó àwọn ìwé rẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ tọ́ka sí àpótí, ó ní kó gbé e. Ó ní rárá, ọ̀rẹ́ òun ò ní ibi tó máa jókòó. Wọ́n lọ. Iṣu mẹ́ta náà wà lẹ́nu ọ̀nà títí di ọ̀sán, kí Tíṣà tó ní kí a gbé e lọ sí ilé òun. Mo wà lára àwọn tó gbé e.

Àwọn ọmọ ló sọ fún bàbá náà ohun tí a wí lóòótọ́, ní ojú ọ̀nà, wọ́n ń fi kọrin tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tún padà wá. N kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro, abẹ sì ti gé e níbi méjì. Ṣàngóbùnmi wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Bàbá náà dúró níwájú ọ̀gá ilé ìwé àti Tíṣà Gírámà nínú ọgbà, gbogbo wa ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ó ní òun ti ṣe é. Ó ní òun gbọ́ pé irun òun ni kò jẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, irun náà ti lọ, kí wọ́n dákun jẹ́ kó ṣe ìdánwò.

Ọ̀gá ilé ìwé wo ilẹ̀. Tíṣà ló dáhùn. Ó ní fọ́ọ̀mù ti lọ sí Òṣogbo lánàá, wọ́n ti kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i.

Orúkọ mi ni.

Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n lé Tíṣà Gírámà náà lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, ẹ̀wù funfun náà ti pọ́n. Tí mo bá kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, á dá mi lóhùn ní Yorùbá.

Mo lọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti kọ́ wa nípa bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ọmọdé èyíkéyìí ni "girl," ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. "Man" kì í ṣe ọkùnrin nígbà náà, èèyàn ni; ọkùnrin àti obìnrin ní orúkọ tiwọn lọ́tọ̀. "Wife" kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, obìnrin lásán ni, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ "woman." Ẹni tó ni ilé ni "husband." Ó wá ní ti "she" gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ibi tó ti wá, nítorí ìgbà kan wà, ní àwọn apá kan nílẹ̀ wọn, tó jẹ́ pé ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin àti èyí tí wọ́n fi ń pe obìnrin ní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bírò mi ò kọ. Ẹgba méjìlá, mo ń kà á lọ́kàn. Ẹgba méjìlá, nítorí ohun tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti wí rí.

Ọdún kejì tí mo di tíṣà, ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Ifẹ̀ dúró ní Sẹ́kọ́nà, ní oríta, kí dírẹ́bà lè bomi sí ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ra gàrí. Ẹni tó ń tà á, mo mọ èjìká yẹn.

Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ṣé ká wọn gàrí?"

Mo ní, "Ṣàngóbùnmi, èmi ni."

"Mo ti mọ̀ yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹgbẹ́ ni wá. Kí ló dé tó o fi ń pè mí ní ẹ̀yin?"

"Tíṣà ni yín. A gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún tíṣà."

Mo béèrè bàbá. Ó ní wọ́n ti kú. Ó sọ ọ́ bó ti ń fi ọwọ́ tẹ́ ojú gàrí, kò gbé ohùn sókè. Àwọn tí wọ́n jọ ń bọ òrìṣà sọ pé orí tí Ṣàngó fọwọ́ sí, tí ẹni náà fúnra rẹ̀ fi abẹ kàn, kò lè bá àwọn jókòó mọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń gbé àga síta lọ́jọ́ ọdún wọn, tó ń gbọ́ orin wọn látòkèèrè. Irun náà hù padà, kò kàn kún mọ́. Ṣàngóbùnmi ní òun ni òun ń bá a dì í, nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo kọ́. Mo sọ ti "girl," mo sọ ti "man," mo sọ fún un pé Tíṣà ò mọ ohun tó ń sọ, pé àwọn òyìnbó náà ti pe akọ àti abo ní ohùn kan rí, pé ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní yẹn, ìbéèrè ọ̀mọ̀wé ni. Mò ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni ń san ẹ̀jẹ́. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n." Ó gbé igbá. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí bàbá mi wá, ohùn kan wà tó ju gbogbo ohùn yòókù lọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ló ti wá. Ẹni yẹn, lédè òyìnbó, hí ni àbí ṣí?"

Mo ní, "Ṣí ni."

Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀."

Ó wọn gàrí náà kún dáadáa, ó fi ènì lé e, bó ti ń ṣe fún gbogbo oníbàárà. Dírẹ́bà fọn fèrè, mo sì wọnú ọkọ̀. Ti ìwé àròkọ rẹ̀ tí mo gbé lé òkè, n kò sọ. Mo ti gba Sẹ́kọ́nà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, n kò rí i níbẹ̀ mọ́, n kò sì béèrè.

Ayé ti yí. Àwọn ológun ti padà sí bárékè, wọn kì í so páálí mọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó gan-an ti ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní máa béèrè akọ tàbí abo, wọ́n ní "they" ni àwọn kan ń lò, ó sì jọ "wọ́n" tiwa. Inú mi ìbá dùn sí i, kí n sì máa fi Yorùbá yangàn, ṣùgbọ́n mo rántí pé "ẹ̀yin" tí Ṣàngóbùnmi fi pè mí ní oríta yẹn, èdè tiwa ló ti mú un, ó sì fi ilẹ̀kùn dé mọ́ mi pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Èdè wa lè má béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn sọ́tọ̀.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, bí ọmọ kan bá dìde, tó ní ìyá òun, "he is a trader," mo máa ń tún un ṣe, nítorí àwọn tó ń máàkì ìdánwò ò ní ṣàánú rẹ̀. Mo máa ń rọra ṣe é, ohùn mi kì í ròkè. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí n kò gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ yòókù kí n tó la ẹnu, tí n kò sì rí ọmọ kan níwájú níbẹ̀, tó ń wo ojú mi bóyá mo gbọ́ tirẹ̀.